Ta Ni Wọ́n Di Ẹ̀bi Rù? Ìkànnì Mẹ́rin fún Ẹni Tó Fẹ́ Ka Ìwé Ìròyìn Ọdún 1918

Akọlé ìròyìn ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akọ̀ròyìn á kọ ìròyìn tirẹ̀ tán, èmi á wá ohun tí wọ́n máa tẹ̀ gàdàgbà sórí rẹ̀. Èmi náà ni mo máa ń pinnu bóyá yóò jókòó sójú ewé kìíní tàbí yóò lọ fara pamọ́ sínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó oògùn ikọ́. Ó ti wá di àìsàn sí mi lára: mi ò lè ka ìròyìn kí n má wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Ojú yẹn ni mo fi wo ìkànnì mẹ́rin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Gbogbo wọn ló jẹ́ ti ilé ìkàwé ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn: Hemeroteca Digital ti Spéìn, Chronicling America ti Amẹ́ríkà, Papers Past ti New Zealand àti Trove ti Austrálíà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé lọ síbẹ̀: kí ni olóòtú ìwé ìròyìn máa ń ṣe nígbà tí àrùn bá wọ̀lú, tí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè sì ti gùn ún? Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní lúkúlúkú, ló bá ìbéèrè náà mu jù. Ogun Àgbáyé Kìíní kò tí ì parí, òfin ti pa ọ̀pọ̀ oníròyìn lẹ́nu mọ́, àrùn náà kò sì bèèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kọjá ẹnubodè. Iye tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fojú bù pé ó pa kárí ayé tó mílíọ̀nù 50.

Kí n tó dé orí ìkànnì kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ń dá wọn lẹ́jọ́. Ìgbéraga orílẹ̀-èdè kì í sábà sí nínú gbólóhùn. Ẹ lè ka ìròyìn kan tokè tilẹ̀ kí ẹ má rí èébú kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ewé náà lódindi. Òkú ilẹ̀ òkèèrè wà lábẹ́ ìròyìn òkèèrè, iye nìkan ni wọ́n ní, wọn ò lórúkọ. Òkú ti ìtòsí lórúkọ, ó níṣẹ́, ó ní àdúgbò, a mọ iye ọmọ tó fi sílẹ̀. Àrùn kan náà ló pa àwọn méjèèjì. Ìkànnì tó bá gé ìròyìn kúrò lójú ewé rẹ̀ kó tó gbé e fún mi ti gba ìdajì ohun tí mo wá wò lọ́wọ́ mi.

Spéìn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni orúkọ burúkú yẹn, "Spanish influenza" (ọ̀fìnkìn Spéìn), bà lé. Hemeroteca Digital jẹ́ ti Biblioteca Nacional de España, wọ́n sì ṣí i ní 2007. El Sol, ìwé ìròyìn Madrid tí Nicolás María de Urgoiti dá sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1917, wà níbẹ̀, oṣù mélòó kan péré ló fi ṣáájú àrùn náà. Ẹ yan oṣù Karùn-ún 1918, kí ẹ máa ṣí i lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí oṣù náà bá ti ń lọ sópin, àrùn ti gba ojú ewé. Wọ́n sọ pé Ọba Alfonso XIII gan-an dùbúlẹ̀, àwọn mínísítà náà dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan pamọ́, torí Spéìn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ogun yẹn, ìjọba wọn kò sì ní ọmọ ogun lójú ìjà tí ọ̀tá lè gbọ́ pé ara wọn ò yá. Àwọn ará Madrid tiẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ Ogun Naples, látinú orin eré ìtàgé kan tó gbòde nígbà náà, wọ́n ní orin ọ̀hún àti àrùn náà, kò sí èyí tó yá jù nínú kéèyàn kó o.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun Faransé, Bìrìtìkó àti Jámánì ti ń ṣàìsàn kan náà nínú kòtò ogun wọn. Ìwé ìròyìn ilé wọn ò lè tẹ̀ ẹ́. Ní Bìrìtìkó, òfin ààbò ìlú ti 1914 wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá lè mú ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì kò gbọdọ̀ jáde. Nígbà tí àrùn náà wá di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fojú fò mọ́, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tó ti la ẹnu sọ ọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kéèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí El Sol, kó rí bí ó ṣe ń sọ ti ilé rẹ̀ láìfi bò, kó sì mọ ohun tí wọ́n máa fi san án fún un.

Ní ti lílò, Hemeroteca gba sùúrù. Ojú ewé lódindi ló ń gbé jáde, èyí tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè Spéìn á ní láti fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ ṣe ọ̀nà. Ẹ má retí pé ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri máa kó ohun gbogbo wá. Ọjọ́ ni kí ẹ máa fi wá a.

Chronicling America ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Library of Congress ní Washington ló ni ín, 2007 náà ni òun bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé tó wà níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 20 lọ, àkójọ náà sì dé 1963. Odindi ojú ewé ló kọ́kọ́ máa ń fi hàn yín, ó sì máa ń kun ọ̀rọ̀ tí ẹ wá láwọ̀ kí ojú lè tètè rí i. Ogun, àrùn, ìpolówó ọjà, eré bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn wà lójú kan náà bí ẹni tó rà á láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí i. Fún irú èmi yìí, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀.

Ẹ lọ sí oṣù Kẹsàn-án 1918, kí ẹ wá orúkọ Doane. Philip S. Doane ni ọ̀gá ètò ìlera ní Emergency Fleet Corporation, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kan ọkọ̀ ojú omi fún ogun. Ó sọ ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn amí Jámánì tó ti inú ọkọ̀ abẹ́ omi gòkè ló ń tú kòkòrò àrùn náà sílẹ̀, pé kò ní ṣòro fún wọn láti tú u sínú ilé eré tàbí ibi tí èrò bá pọ̀ sí. Kò mú ẹ̀rí wá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé àwọn olóòtú náà ya òpònú. Ọ̀gá ìjọba ló sọ̀rọ̀, ọ̀tá ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, òfin tuntun tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn sì lè sọ ẹni tó bá bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba lásìkò ogun sẹ́wọ̀n. Ta ni yóò dìde láàárín iléeṣẹ́ ìròyìn kó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀rí dà?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé bí akọlé ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà tó lè wọ ìlà kan ò pọ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ni "ó ṣeé ṣe".

Ohun kejì tí mo ní kí ẹ wá níbẹ̀ kò lókìkí tó ti Doane, ṣùgbọ́n òun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, lábẹ́ Rupert Blue, gbé ìkìlọ̀ kan jáde nígbà tí àrùn náà gbóná, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kéékèèké sì tẹ̀ ẹ́. Nínú rẹ̀, Blue sọ ọ́ láìṣẹ́jú pé bí wọ́n tilẹ̀ ń pe àrùn náà ní ti Spéìn, kò sí ìdí láti gbà pé Spéìn ló ti wá. Ó sọ pé irú àrùn báyìí ti jà rí ní ọdún 1889 sí 1890. Ìwé ìròyìn tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ wá ṣí ẹ̀dà ọjọ́ kejì, ti ọ̀sẹ̀ kejì, ti oṣù tó tẹ̀ lé e: "Spanish influenza" ṣì wà lórí gbogbo akọlé. Olóòtú ti ka òótọ́, ó ti tẹ òótọ́, kò kàn yí akọlé padà ni. Mo mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Mo ti bá wọn jókòó sí tábìlì kan náà.

Ẹ má sì fo ìpolówó ọjà. Bayer, tó ń ta àsípírìn, jẹ́ orúkọ Jámánì, ó sì di dandan pé kó wẹ ara rẹ̀ mọ́. Nínú ìpolówó rẹ̀ ìgbà ogun yẹn, wọ́n ń búra fún àwọn òǹrajà pé ọwọ́ ọmọ Amẹ́ríkà pátápátá ni iléeṣẹ́ náà wà, pé ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo ọ̀gá ibẹ̀. Ẹni tí ara ń ro, tó wá nǹkan tí yóò fi pa ibà, àfi kó kọ́kọ́ yẹ ìran oògùn wò. Ìkànnì tó bá gé ìròyìn nìkan fún yín kò ní jẹ́ kí ẹ rí èyí láéláé.

Philadelphia ni mo kà fún ọjọ́ tó pọ̀ jù. Evening Public Ledger wà lórí Chronicling America lọ́jọ́ọjọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1918, wọ́n ṣe ìwọ́de ńlá níbẹ̀ láti fi ta ìwé ẹ̀yáwó ogun, bíi 200,000 ènìyàn ló sì dúró sí ẹ̀bá títì láti wò ó. Àrùn ti wọ ìlú náà kí ọjọ́ ìwọ́de tó pé, àwọn ọmọ ogun ojú omi ló kọ́kọ́ mú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ti iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé eré pa. Kí àrùn náà tó rọlẹ̀, ó ti pa ju 12,000 ènìyàn lọ nínú ìlú kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú ìwọ́de àti ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, láìfo ojú ewé kankan. Ẹ ó rí i pé kò sí ibi tí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ti ṣe àjèjì kankan ní ibi. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí ẹ jáde, kí ẹ ra ìwé ẹ̀yáwó, kí ẹ dúró ti àwọn ọmọ wa lójú ogun. Èyí tó pa èèyàn jù rèé nínú gbogbo ohun tí mo kà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri tí yóò mú un wá.

Papers Past wá ńkọ́? National Library of New Zealand ló ni ín, ó ti wà láti 2001, tó bá sì jẹ́ ìrọ̀rùn lílò là ń sọ, òun ni olórí wọn. Ó yá, ojú rẹ̀ mọ́, fóònù lásán tó láti fi kà á, ìpolówó kankan ò fò mọ́ọ̀yàn lójú. Àléébù kan ló ní lójú mi, mo sì ti sọ ọ́ lókè: ìròyìn tí wọ́n gé ló kọ́kọ́ máa ń gbé jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ibi tí odindi ojú ewé wà fúnra yín. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, nígbà gbogbo.

Ìtàn ọkọ̀ Niagara wà níbẹ̀ yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Auckland ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 1918 pẹ̀lú àwọn aláìsàn, olórí ìjọba William Massey àti mínísítà ètò ìṣúná Joseph Ward sì wà nínú rẹ̀. Kíá ni ariwo sọ pé tìtorí àwọn ẹni ńlá yìí ni wọn ò fi sé ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ rí i pé ẹ̀bi lè yí kúrò lórí àjèjì kó já lé olóṣèlú ilé lórí tí ìbínú bá pọ̀ tó. Àrùn náà pa bíi 9,000 ní New Zealand, ìwọ̀n tó fi pa àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, sì tó ìlọ́po mẹ́jọ ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Ṣùgbọ́n Sàmóà ló mú kí n jókòó ti Papers Past. New Zealand ti gba apá ìwọ̀ oòrùn Sàmóà lọ́wọ́ Jámánì ní oṣù Kẹjọ 1914. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1918, ọkọ̀ Talune tó gbéra láti Auckland wọ èbúté Apia, wọ́n jẹ́ kí àwọn èrò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àrùn bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Bíi 8,500 ènìyàn ló kú, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará erékùṣù náà lọ. Nítòsí wọn ni Sàmóà ti Amẹ́ríkà wà. John Poyer, gómìnà ibẹ̀, ti èbúté tirẹ̀ pa gbọn-in, ẹnì kan ò kú. Poyer tún ránṣẹ́ pé òun ṣe tán láti ṣèrànwọ́. Robert Logan, ọ̀gágun New Zealand tó ń ṣàkóso Apia, kò gbà á.

Ẹ wá gbé ìwé ìròyìn oṣù náà síwájú. Ogun parí ní ọjọ́ 11, àsíá wà káàkiri, òkú ilé sì wà nílẹ̀ tí wọn ò tí ì sin tán. Ẹ máa ṣí ojú ewé púpọ̀ kí ẹ tó bá Sàmóà pàdé. Kò sẹ́ni tó bú àwọn ará Sàmóà, kò sẹ́ni tó pe àrùn náà ní tiwọn. Wọn ò kàn sí nínú "àwa" tí ìwé ìròyìn náà ń kọ̀wé fún ni. Samoanische Zeitung, ìwé ìròyìn Apia fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń fi èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀, wà lórí Papers Past bákan náà, ẹ lè ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Auckland. Tí ẹ bá ní wákàtí kan péré fún gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ lò ó sí. Ọdún 2002 ni Helen Clark, olórí ìjọba New Zealand, tó bẹ àwọn ará Sàmóà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ náà.

Trove ò ní gba àkókò wa púpọ̀. Ó tóbi, ó dára, National Library of Australia ló ni ín, àwọn òǹkàwé fúnra wọn ló sì ń tún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kà ní àkàgbé ṣe, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí 1954. Ohun tó dùn ún wò níbẹ̀ ni pé ẹ̀mí "ti wa ló dára, tiwọn ló bà jẹ́" kò nílò orílẹ̀-èdè méjì rárá. Austrálíà fi ìsémọ́ ojú omi lé àrùn sẹ́yìn títí di 1919. Ní oṣù Kọkànlá 1918, àwọn ìpínlẹ̀ ti jọ fẹnu kò pé ẹni tí àrùn bá kọ́kọ́ jà ní ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde. Victoria lọ́ra. Àrùn bá ọkọ̀ ojú irin dé Sydney láti Melbourne ní oṣù Kìíní 1919, New South Wales bá ti ẹnubodè rẹ̀. Ẹ ṣí Argus ti Melbourne àti Sydney Morning Herald ti ọjọ́ kan náà, kí ẹ máa gbọ́ bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe ń bára wọn ṣẹjọ́ bí ẹni pé òkun ló wà láàárín wọn.

Ní báyìí, ohun tí gbogbo àwọn ìkànnì wọ̀nyí jọ ń ṣe, tí kò sì sí èyí tó kọ ọ́ síwájú ilé rẹ̀. Ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ìwé ìròyìn tirẹ̀ ló yà sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá jókòó sórí ọ̀kan ṣoṣo, ẹ ti jókòó sínú ilé ẹnì kan nínú àwọn tó ń ṣẹjọ́ nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àfi kí ẹ ṣí fèrèsé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ kan náà, orílẹ̀-èdè méjì. Mo tún ní kí ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tí ẹ ń tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri. Bí ẹ bá tẹ "Spanish influenza", ìwé ìròyìn tó ti gba orúkọ náà gbọ́ nìkan ni yóò jáde. Ẹ tẹ orúkọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ tẹ orúkọ ilé ìwòsàn, orúkọ èbúté, orúkọ dókítà ìlú. Àwọn ìyẹn ò ní ìlú tí wọ́n ń gbè.

Ìwé ìròyìn tí òfin pa lẹ́nu mọ́ kò sì ṣeé wá. Ẹ̀rọ lè ka lẹ́tà, kò lè ka ibi tí wọ́n yọ lẹ́tà kúrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ ka ọjọ́ tó tẹ̀ léra.

Ti ìwé ìròyìn Èkó ọdún yẹn, bíi Lagos Weekly Record àti Lagos Standard, yàtọ̀. Wọn ò sí lórí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́rin yìí. Inú àkójọ tí yunifásítì ńláńlá ń sanwó fún ni ẹ ó ti bá wọn. Mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń bí mi nínú.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló kàn wá kan 1918, nígbà tí kòrónà ṣì wà lọ́kàn gbogbo èèyàn. Òfin àṣẹ-lórí-ìwé ni kò jẹ́ kí àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ yìí dé ìgbà tiwa. Mo san owó fún iṣẹ́ kan tó ń kó ìwé ìròyìn orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sójú kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé ìròyìn pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ojú ewé sì pé, ṣùgbọ́n láti fagi lé ìsanwó yẹn le ju láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ̀dà àtijọ́ sì máa ń pòórá nígbà tí mo bá padà wá a. Kí ẹ má fi owó yín ṣòfò, ilé ìkàwé tó bá ti sanwó fún irú rẹ̀ ni kí ẹ wá lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ mú kí El Sol tún ta mí lólobó. Ní oṣù Kìíní 2021, Bìrìtìkó àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń fa abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 25, Handelsblatt ti Jámánì gbé e jáde pé abẹ́rẹ́ náà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ lára àwọn àgbàlagbà tó ti ju ọdún 65 lọ, pé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún péré ni. Iléeṣẹ́ ìlera Jámánì ní ó jọ pé wọ́n da iye méjì pọ̀ mọ́ra ni: bíi ìdá mẹ́jọ nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò ló wà láàárín ọdún 56 sí 69. Ní ọjọ́ 28, Daily Mail kọ ọ́ gàdàgbà ní London pé Yúróòpù ò lè gba abẹ́rẹ́ "wa", bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ tó wà ní Belgium wà lára àwọn tó ń ṣe é. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bild ti Jámánì fi èdè méjì pò pọ̀ sọ fún àwọn ará Bìrìtìkó pé a ń jowú yín. Ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra, ẹ ó rí i pé abẹ́rẹ́ ti gba àsíá.

Ti South Africa ni mo fi ń jà jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 2021, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ló sọ fún gbogbo ayé pé àwọn rí ẹ̀yà kòrónà tuntun. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti gbé lẹ́tà Gíríìkì kalẹ̀ fún orúkọ irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ láti oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kí orúkọ ìlú ẹnikẹ́ni má baà wọ inú rẹ̀ mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, Die Rheinpfalz ní Jámánì ti kọ àkọlé pé kòkòrò tó ti Áfíríkà wá ti dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú àwòrán obìnrin adúláwọ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ Madrid àti ti 1918 gan-an nìyẹn: ẹni tó tètè la ẹnu ni wọ́n fi àrùn ṣe orúkọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ iye tí mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Papers Past gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni kó ti ibẹ̀ wọlé. Chronicling America, mẹ́jọ àtààbọ̀, òun ló dára jù fún ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Trove, mẹ́jọ. Hemeroteca Digital, méje, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó, torí láìsí i, ọ̀rọ̀ àwọn yòókù á kàn dà bí òótọ́ ni. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò lálẹ́ òní, ẹ ṣí El Sol ti ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún 1918 sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ ṣí New-York Tribune ti ọ̀sẹ̀ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò fún ìyẹn, ojú fóònù kò ní gba méjèèjì.